Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ru Òkè Obudu

Àwa tí a fi Ìbàdàn, Ìlọrin, Oǹdó àti Èkó sílẹ̀, tí a wá ń kàwé ní etí omi Calabar, a mọ̀ pé ẹni tó bá jìnnà sílé gbọ́dọ̀ tọ́jú ara rẹ̀, nítorí pé ìyá kò sí nítòsí tí yóò po àgbo. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ara.

Gbogbo wa la ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ wa fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí orí òkè Obudu nígbà ìsinmi tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ ìkéde mọ́ ara pátákó ni orúkọ ti ń wọlé wìtìwìtì. Inú wa dùn sí i. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé àríyá àti aṣọ ẹbí nìkan ni ẹgbẹ́ wa mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń kọ wá lóminú. Nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bi ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò, ọ̀rọ̀ owó ló pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ aṣọ tí a ó wọ̀ ló tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ṣìkẹta. Àwọn tó béèrè bí wọn yóò ṣe múra ara wọn sílẹ̀ kò tó nǹkan. Àfi bí ẹni pé owó ni yóò wa kẹ̀kẹ́ náà gòkè!

Èrò tiwa rèé, a kò sì ní fi bọpo bọyọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá wó lulẹ̀ lójú ọ̀nà Obudu, kí a má ṣe sọ pé òkè ló gbé e ṣubú. Oṣù gbọọrọ tí a fi jókòó sójú kan ni kí a mú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ 8 ṣe ìdánrawò. Ẹni tí kò bá sì yege nínú ìdánwò ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, inú bọ́ọ̀sì ni kí ó jókòó sí, ì báà ti san owó rẹ̀ pé pérépéré.

Irú òkè wo là ń lọ gùn?

Òkè Obudu wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Obanliku, ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ Cross River, nítòsí ààlà ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ọdún 1951 ni wọ́n dá ibùdó màlúù sílẹ̀ lórí rẹ̀, òun náà ló di ibi ìgbafẹ́ tí a mọ̀ lónìí. Orí òkè náà ga tó nǹkan bíi mítà 1,600 ju ìtẹ́jú òkun lọ. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà láti ìsàlẹ̀ dé òkè gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Ní ọdún 2005, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ìje kan lójú ọ̀nà yìí kan náà, àwọn sárésáré láti Kenya àti Ethiopia sì wá dije níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ dé orí òkè, gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 870. Cocoa House tó wà ní Ìbàdàn, tí a máa ń yọ ọrùn wò nígbà tí a wà ní kékeré, mítà 105 péré ni gíga rẹ̀. Bí a bá to Cocoa House mẹ́jọ léra wọn, wọn kò tíì ga tó ibi tí a fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ dé. Ní gbogbo mítà 100 tí táyà wa bá yí síwájú, a ó ti gòkè tó nǹkan bíi mítà 8. Ẹni tó bá ti fi kẹ̀kẹ́ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rí yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Kò sí ibi tí èèyàn yóò ti dẹ ẹsẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá dúró, kẹ̀kẹ́ náà dúró nìyẹn.

Òkè a máa gba owó-orí

Àwọn kan ń pariwo pé afẹ́fẹ́ kò sí lókè. Irọ́ ni. Nínú 100 ìdá afẹ́fẹ́, 21 ni ọ́síjìn, ìbáà ṣe ní etíkun Calabar tàbí lórí òkè Kilimanjaro. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí a ti ń gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i, tí èyí tí èémí kan ń gbé wọlé sì ń dínkù. Ní gíga mítà 1,600, nínú ìdá 6 tí à ń mí símú níhìn-ín, nǹkan bí ìdá 5 ló kù.

Ṣé èyí tó láti sọ èèyàn di aláìsàn? Rárá. Àìsàn orí òkè, èyí tó máa ń fa ẹ̀fọ́rí, èébì àti àìrí oorun sùn, kì í sábà mú èèyàn títí tí yóò fi kọjá nǹkan bíi mítà 2,500. Òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, ìyẹn Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, mítà 2,419 ni. Òun pàápàá kò dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Obudu kò lè sọ pé àìsàn orí òkè ló mú òun.

Síbẹ̀, òkè a máa gba owó-orí lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá lórí rẹ̀, kì í sì í wojú ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1968, ìlú Mexico City tó ga tó mítà 2,240 ni wọ́n ti ṣe ìdíje Òlíńpíìkì. Ron Clarke, ọmọ Australia, ni kò sí ẹni tó tíì sáré mítà 10,000 yára tó o láyé nígbà náà. Lọ́jọ́ náà, ipò kẹfà ló ṣe, ó ṣubú lulẹ̀ bó ti parí eré, wọ́n sì ní láti fún un ní ọ́síjìn. Naftali Temu ọmọ Kenya ló gba góòlù, Mamo Wolde ọmọ Ethiopia ló tẹ̀lé e. Orí ilẹ̀ gíga ni wọ́n ti tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà, ara wọn ti mọ owó-orí náà láti kékeré.

Bí òkè bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò lẹ́gbẹ́, kí ni kí àwa tí ìrìn wa kò ju họ́sítẹ́ẹ̀lì sí kíláàsì, kíláàsì sí ilé oúnjẹ, máa sọ? Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà lápò, tí wọ́n gba ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ rẹ̀, yóò jẹun yó. Ẹni tí owó ọkọ̀ ilé nìkan kù lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n bá gba ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé. Ìdá kan náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ohun tí oníkálukú ti kó jọ ṣáájú ló yàtọ̀.

Ohun tí ìjókòó ń fi ara ṣe

Ní ọdún 1966, ní ìlú Dallas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ kan tí Bengt Saltin ọmọ Sweden wà lára wọn mú ọ̀dọ́mọkùnrin 5, ẹni ogún ọdún, irú ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ nínú wa wà. Wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ 3 gbáko. Nígbà tí wọ́n fi máa dìde, agbára tí ara wọn fi ń lo ọ́síjìn ti fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ dínkù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wọn ní ìdánrawò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8, agbára náà sì padà bọ̀. Ní ọdún 1996, wọ́n tún pe àwọn márààrún kan náà, wọ́n ti di baba ẹni àádọ́ta ọdún. Ohun tí wọ́n rí ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu: ìpalára tí ìdùbúlẹ̀ ọ̀sẹ̀ 3 ṣe fún agbára ara wọn ju èyí tí ọgbọ̀n ọdún ọjọ́ ogbó ṣe lọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ fi èyí wé ìgbésí ayé wa. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ Yunifásítì lọ́dún 2022 gba oṣù 8. Tọdún 2020 gba nǹkan bí oṣù 9, àrùn kòrónà sì tún ti gbogbo wa mọ́lé. Àwọn tó ń jáde ilé-ìwé girama nígbà náà ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́. Wọ́n wọlé síbí, wọ́n bá fóònù, wọ́n bá fíìmù, wọ́n bá orí bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀lẹ là ń rò. Ìwé pọ̀, iná a máa lọ, òòrùn Calabar a máa mú, òjò rẹ̀ kì í sì í dá bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ara kò mọ àwáwí. Bí a bá lò ó, yóò le. Bí a kò bá lò ó, yóò rọ̀.

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú wa

Ọ̀kan ní, "Èmi ni balógun eléré ní ilé-ìwé wa." A kí yín o, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ọdún wo ni? Ife ẹ̀yẹ ọdún mẹ́rin sẹ́yìn kò lè bá wa yí pẹ́dàlì lónìí. Kódà, irú yín là ń bẹ̀rù fún jù, nítorí pé ọkàn yín rántí bí ẹ ti ń sáré, ẹsẹ̀ yín sì ti gbàgbé. Irú yín ni yóò bẹ̀rẹ̀ òkè náà bí ẹni tí ajá ń lé, tí yóò sì máa mí hẹlẹhẹlẹ ní kìlómítà kejì.

Òmíràn ní, "Bàbá mi àgbà gun Raleigh láti abúlé dé ọjà, ó tún di àpò kòkó mẹ́yìn, kò sì ṣe ìdánrawò kankan." Ẹ jọ̀ọ́, oko tí bàbá ń lọ lójoojúmọ́ ńkọ́? Ebè tí wọ́n ń kọ ńkọ́? Gbogbo ayé wọn ni ìdánrawò. Bí ẹ bá lè fi ọdún mẹ́wàá ṣe iṣẹ́ tí bàbá ṣe, a ó yọ orúkọ yín kúrò nínú ìdánwò.

Ẹ̀kẹta ń sọ pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe nǹkan obìnrin. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Òkè kò béèrè ẹni tó jẹ́ ọkùnrin. Ìdánwò kan náà ni kí gbogbo wa ṣe, kí ẹni tó bá yege máa lọ. Bí a bá fi ojú inú wò ó, ó ṣeé ṣe kí àwọn arábìnrin wa tó ń pọn omi gun àjà kẹta lójoojúmọ́ fi wá sẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, kí a máa gun kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kí ìwọ̀n ìyára wa jẹ́ èyí tí a fi lè máa bá ọ̀rẹ́ ẹni sọ̀rọ̀ láìmí gùdùgùdù. Bí ọ̀rọ̀ kò bá jáde mọ́, a ti sá jù. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ kò kàn lọ́jọ́ náà lè rìn kánmọ́kánmọ́, tàbí kí ó máa gun àtẹ̀gùn họ́sítẹ́ẹ̀lì sókè sódò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, kí ó di ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, kí a sì wá ibi tó bá gbéra díẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú wọn. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà, kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún wákàtí méjì. Ní ọjọ́ mìíràn, kí a fi agbára gun òkè kékeré kan fún ìṣẹ́jú 3, kí a rọra sọ̀ kalẹ̀, kí a tún gùn ún, títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ìparí ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ìdánwò: wákàtí méjì lórí kẹ̀kẹ́ láìsọ̀ kalẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ keje, kí a gbé àpò wa kọ́ ẹ̀yìn gùn ún, kí ẹ̀yìn lè mọ ẹrù rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bàjẹ́. Nígbà tí ọjọ́ bá kù díẹ̀, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún ṣe iṣẹ́ oṣù méjì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi òru kan ka ìwé sẹ̀mẹ́sítà. Àṣejù baba àṣetẹ́ ni. Ìgbà tí a bá ń sinmi ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn dín sí ìdajì, kí oorun sì pọ̀.

Ní ti oúnjẹ, gàrí àti ìndómì nìkan kò lè gbé èèyàn gòkè. Kí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ máa wà níbẹ̀, nítorí pé inú wọn ni ara ti ń rí ohun tó fi ń tún iṣan ṣe, tó sì fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa, èyí tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Kí a máa mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ wá. Ẹ sì mú súwẹ́tà dání. Òtútù orí òkè kì í ṣe irú ti Calabar.

Jẹ́nótáìpù kì í ṣe fún ìgbéyàwó nìkan

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ́kàn wa rèé. Nínú ẹgbẹ́ wa, bí ọmọkùnrin bá kọ lẹ́tà sí ọmọbìnrin lónìí, lọ́la ni wọn yóò ti béèrè jẹ́nótáìpù ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú fọ́ọ̀mù ìrìn-àjò yìí, kò síbi tí wọ́n ti béèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní AS.

Ẹni tó bá jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ gun òkè yìí láìjẹ́ pé dókítà tó mọ̀ ọ́n dáadáa fọwọ́ sí i. Àìtó ọ́síjìn, iṣẹ́ àṣekára, òtútù àti àìmu omi tó, gbogbo rẹ̀ ni ohun tó ń fa ìrora fòníkú-fọ̀ladìde, gbogbo wọn ló sì wà lójú ọ̀nà náà. Èyí kì í ṣe ìtìjú. Ẹgbẹ́ nílò ẹni tí yóò wà nínú bọ́ọ̀sì, tí yóò máa ka iye èèyàn, tí yóò máa pín omi, tí yóò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a dá ẹnì kan dúró. Láìsí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìrìn-àjò kankan kò lè yọrí sí rere.

Ẹni tó bá jẹ́ AS lè lọ, ọ̀pọ̀ irú wọn ló sì ń ṣe eré ìdárayá láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti rí i pé bí ẹni AS bá fi agbára tó pọ̀ jù ṣiṣẹ́ láìmúra, pàápàá lórí ilẹ̀ gíga tàbí nígbà tí omi bá gbẹ lára rẹ̀, ó lè wó lulẹ̀, tàbí kí ọlọ inú rẹ̀ fara pa. Nítorí náà, bí ìrora bá gún un ní ìhà òsì lábẹ́ egungun ìhà, kí ó sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún un pé kó ṣe ọkàn akin. Ẹni tó ní ikọ́ fée náà, kí ó mú oògùn tó ń fà símú sí àpò ara rẹ̀, kì í ṣe sínú bọ́ọ̀sì.

Ìsọ̀kalẹ̀ ńkọ́?

Bí gbogbo wa bá dé òkè láyọ̀, iṣẹ́ kù. Gbogbo ẹnu wa ni a fi ń sọ̀rọ̀ gígùn, a kì í sọ̀rọ̀ sísọ̀. Ẹni tó ti rẹ̀ ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò sì máa tẹ bíréèkì fún kìlómítà 11. Ọwọ́ tí kò ṣe ìdánrawò yóò kú tipiri. Nítorí náà, ìdánrawò ọ̀sẹ̀ 8 kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹsẹ̀ nìkan. Kí a máa dojú bolẹ̀ kí a fi ọwọ́ ti ara sókè, lójoojúmọ́, díẹ̀ díẹ̀. Kí onímọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹ bíréèkì, táyà àti ṣéènì gbogbo kẹ̀kẹ́ wò, kì í ṣe lọ́jọ́ ìrìn-àjò, bí kò ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹni tí kò bá dé akoto, kí ó má gun kẹ̀kẹ́.

Ohun tí à ń béèrè

Ohun mẹ́ta péré là ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò. Èkíní, kí wọ́n kéde ọjọ́ ìdánwò báyìí, kí ọ̀sẹ̀ 8 tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, kí ìbéèrè nípa ìlera wọ inú fọ́ọ̀mù, kí ẹni kan ṣoṣo tó ṣeé fọkàn tán máa tọ́jú ìdáhùn rẹ̀, kí àṣírí ẹnikẹ́ni má bàa tú. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n jẹ́ kó hàn gbangba pé ẹni tí kò bá yege kò pàdánù owó rẹ̀: yóò bá bọ́ọ̀sì gòkè, yóò bá wa jẹ, yóò bá wa mu, yóò bá wa ya fọ́tò. Bí ìgbìmọ̀ bá bẹ̀rù àríwísí, kí wọ́n rántí pé àríwísí kì í pa èèyàn.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ti kọ orúkọ sílẹ̀, aago mẹ́fà ìdájí ọ̀la dára púpọ̀ fún ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́. Òòrùn kò tíì mú, ọkọ̀ kò tíì pọ̀ lójú títì. Ìlera lọrọ̀, ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í sì í pa arọ tó bá gbọ́n. A ti wí tẹ́lẹ̀. Kí Elédùmarè jẹ́ kí a lọ ire, kí a bọ̀ ire, kí a má fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àṣẹ.